Ohun Tó Ń Dojú Tírélà Dé ní Kọ́nà Ṣàgámù

Títì márosẹ̀ tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹjọ ọdún 1978, gùn ní kìlómítà 127.6, ó sì la ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá. Ní oríta ńlá Ṣàgámù, tí èrò ń pè ní Íntáṣéńjì, ni ọ̀nà ti ń pín: ẹni tó ń lọ Ìjẹ̀bú-Òde àti Bìní yà síhìn-ín, ẹni tó ń lọ Abẹ́òkúta yà sọ́hùn-ún, ẹni tó ń lọ Ìbàdàn sì forí lé Ògèrè. Ẹrù tó ń gba oríta yìí kọjá kì í ṣe kékeré. Ọdún 1978 kan náà ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ṣàgámù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; ibùdó epo Mósímí wà nítòsí; kọ̀ǹténà ń ti èbúté Àpápá bọ̀ tọ̀sán-tòru, Ògèrè sì ti di ibùsùn àwọn tírélà. Tírélà tó kó àpò sìmẹ́ńtì 600 ru tọ́ọ̀nù 30, nítorí kílò 50 ni àpò kan. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dojú dé níbi tí títì ti yí bírí, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èrò. Àwọn kan á ní ẹ̀mí àìrí ló wà ní kọ́nà náà, àwọn kan á ní ọjọ́ dírẹ́bà ló pé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìṣubú náà ní ìṣirò: ẹni tó bá mọ gíga ẹrù, eré ọkọ̀ àti bí kọ́nà ṣe ká tó lè sọ ọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀, àwọn ipá tó sì ń ṣe iṣẹ́ náà kò yí ìwà padà rí nítorí ẹnikẹ́ni.

Òòfà ilẹ̀ ni ká kọ́kọ́ mú. Isaac Newton ló tẹ òfin rẹ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1687: gbogbo ohun tó wà láyé ló ń fa ara wọn, ìfà náà ń pọ̀ bí wọ́n bá ṣe tóbi sí, ó sì ń dínkù kíákíá bí wọ́n bá ṣe jìnnà síra. Ilẹ̀ ayé tóbi, orí rẹ̀ gan-an la sì wà, ìdí nìyẹn tí ohun tí a bá jù sókè fi ń padà wá. Ní Rẹ́mọ, gẹ́gẹ́ bíi níbi gbogbo, ohun tó bá já bọ́ láti òkè ń fi mítà 9.8 kún eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan tó bá fi ń bọ̀ nílẹ̀. Bí táńkà bá gbé lítà pẹtiróòlù 33,000, epo inú rẹ̀ nìkan lé ní tọ́ọ̀nù 24, ilẹ̀ kò sì sinmi fífà á fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ òòfà ilẹ̀ nìkan ló wà, ọkọ̀ náà ì bá wọ inú ọ̀dà, wọ iyanrìn, wọ òkúta, kí ó sì máa lọ sí àárín ayé. Ohun tó dá a dúró lórí títì ni ipá mìíràn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú wáyà nìkan ló ń gbé.

Ipá iná mànàmáná àti ti òòfà irin kì í ṣe méjì. James Clerk Maxwell, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, fi ìṣirò hàn ní àwọn ọdún 1860 pé ojú méjì ohun kan ṣoṣo ni wọ́n. Ipá yìí ló ń tan gílóòbù ní Ìkẹ́nnẹ́, òun kan náà ló sì mú kí òkúta le, kí igi dúró, kí ọwọ́ wa má wọ inú tábìlì. Átọ́ọ̀mù ni gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn fi di odindi, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló sì yí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ká. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, òfin mìíràn sì tún wà tí kò gbà fún méjì wọn láti jókòó sójú kan. Nígbà tí táyà bá tẹ ọ̀dà, ìhà méjèèjì kọ̀ fún ara wọn, kíkọ̀ yìí ló sì gbé tírélà dúró. Ẹ wo bí agbára rẹ̀ ti pọ̀ tó: láàárín pírótọ́ọ̀nù kan àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ipá iná ju òòfà tó wà láàárín wọn lọ ní ìlọ́po tí a ó kọ 1, tí a ó sì to òdo 39 tẹ̀ lé e, yóò sì tún ṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ fi lè gbé ohun tí odindi ayé ń fà. Ipá kan náà tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Rọ́bà táyà ń rì sínú àwọn kòtò wẹ́wẹ́ ojú ọ̀dà, átọ́ọ̀mù wọn sì ń fà mọ́ra díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni táyà ṣe ń di ilẹ̀ mú. Bí kò bá sí ìdìmú yìí, sítíárìn kò níṣẹ́, bíréèkì náà kò níṣẹ́.

Wàyí o, ọkọ̀ dé kọ́nà. Ohun tó bá ń lọ, tààrà ni yóò máa lọ àyàfi tí ipá kan bá yà á. Ìyẹn náà wà nínú òfin Newton. Nígbà tí dírẹ́bà bá yí sítíárìn, ilẹ̀ ló ń ti táyà sínú kọ́nà, ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni ipá tó ń tì í yìí, tí mo ó máa pè ní títì ẹ̀gbẹ́, ti ń wá. Ẹrù ńkọ́? Òkè ló wà, tààrà ló sì fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ń yà, òkè kò fẹ́ yà, ni ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Òòfà ilẹ̀ nìkan ló ń gbìyànjú láti fà á padà jókòó. Bí ẹrù bá ṣe ga tó ni ìtẹ̀ náà ṣe ń lágbára tó, bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá sì ṣe fẹ̀ tó ni òòfà ilẹ̀ ṣe ń rọ́nà ràn án lọ́wọ́ tó. Nínú ọkọ̀ kékeré, àárín gbùngbùn ìwúwo rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì mítà. Nínú tírélà tó di ẹrù kún, ó lè tó mítà méjì, bẹ́ẹ̀ ìbú tírélà náà kò ju mítà méjì ààbọ̀ lọ. Nítorí náà, kí títì ẹ̀gbẹ́ tó lè dojú ọkọ̀ kékeré dé lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó gbọ́dọ̀ tó gbogbo ìwúwo ọkọ̀ náà, kí ó sì lé. Ti tírélà kò tó bẹ́ẹ̀ rárá: bí títì ẹ̀gbẹ́ bá ti lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀, ó lè ṣubú, ti táńkà tó kún tilẹ̀ lè má tó ìyẹn.

Ibí yìí gan-an ni mo rò pé ìtàn ẹ̀mí àìrí ti bẹ̀rẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ìdìmú táyà máa ń tó ìdá méje nínú mẹ́wàá ìwúwo ọkọ̀. Ẹ fi wé àwọn iye tí a sọ lókè. Ọkọ̀ kékeré tó bá sáré jù ní kọ́nà, táyà rẹ̀ yóò yọ̀ kí ó tó lè dojú dé. Yóò han, yóò dún, ara dírẹ́bà yóò mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́, yóò sì dín eré kù. Ní ti tírélà, òdì-kejì ni. Ó ti ṣubú tán kí ìdìmú táyà tó já. Kò sí ìyọ̀, kò sí igbe táyà, sítíárìn kò fẹ́lẹ́. Ẹni tó jókòó síwájú kò tilẹ̀ mọ̀ pé táyà ẹ̀yìn ti kúrò nílẹ̀, nítorí orí yàtọ̀ sí ẹ̀yìn lára tírélà. Bó bá yè é, tó sì búra pé òun kò rí nǹkan kan, pé ńṣe ló dà bíi pé ẹnìkan gbé ọkọ̀ òun dà nù, kò purọ́. Ohun tí ara rẹ̀ mọ̀ ló sọ. Àìsí ìkìlọ̀ yìí gan-an ló yẹ kí a fi kọ́ gbogbo ẹni tó ń wa ẹrù gíga, nítorí ohun tó kọ́ nínú ọkọ̀ kékeré yóò ṣì í lọ́nà.

Eré ló tún mú ọ̀rọ̀ le sí i. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, títì ẹ̀gbẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní kọ́nà kan ká bí òbìrípo tí àárín rẹ̀ sí etí rẹ̀ jẹ́ mítà 60. Tírélà tó fi eré kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan wọ ibẹ̀ yóò gba títì ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀, yóò sì kọjá ní àlàáfíà. Bó bá fi 60 wọ ibẹ̀, títì ẹ̀gbẹ́ náà ti sún mọ́ ìdajì ìwúwo rẹ̀, ọkọ̀ náà kò sì ní dúró. Ẹ ṣàkíyèsí pé 60 yìí ni òfin ìrìnnà gbà fún táńkà àti tírélà lórí títì márosẹ̀. Ẹni tó pa òfin mọ́ lórí títì gbọọrọ, tí kò sì fẹsẹ̀ kúrò lórí afúnná kí ó tó yà, lè ṣubú láìṣẹ̀ sí òfin kankan tó mọ̀.

Àwọn dírẹ́bà kan máa ń sọ pé ẹrù ló ń mú kí ọkọ̀ fìdí múlẹ̀, pé ọkọ̀ òfìfo ló ń fò kiri. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Guillaume Amontons, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti sọ ọ́ lọ́dún 1699 pé bí ohun kan bá ṣe tẹ ilẹ̀ tó ni ìdìmú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìwúwo kan náà tó fi kún ìdìmú ló fi kún agídí ọkọ̀ láti máa lọ tààrà, ìkan sì pa ìkejì rẹ́. Ìdìmú di ìlọ́po méjì, ohun tí a fẹ́ kí ó dì mú náà di ìlọ́po méjì. Kò sí èrè níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àdánù, nítorí àpò tí a bá tò lé àpò ń gbé àárín ìwúwo lọ sókè.

Bákan náà ni ti àwọn tó rò pé táńkà tó ti já ìdajì epo rẹ̀ sílẹ̀ kò léwu mọ́. Ẹni tó bá ti ru omi láti odò mọ̀ pé garawa tó kún dé ẹnu rọrùn láti gbé ju èyí tó wà ní ìdajì lọ. Omi ìdajì ń dà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń fa ọrùn, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń fi ewé lé ojú omi kí ó lè dákẹ́. Epo inú táńkà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní kọ́nà, ó ń rọ́ lọ sí ìhà òde, àárín ìwúwo sì ń bá a lọ síbi tí ọkọ̀ fẹ́ ṣubú sí gan-an. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi irin pín inú táńkà sí yàrá yàrá, tí wọ́n sì ń fi pákó irin oníhò dábùú inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irin adábùú wọ̀nyí ń dá ìrọ́ tó ń lọ síwájú sẹ́yìn dúró ju èyí tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹ̀gbẹ́ sì ni kọ́nà ti ń jà.

Ìfúnpá ló kù, òun ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ bíréèkì. Ìfúnpá ni iye ipá tó tẹ àyè kan, bí a bá pín in sórí bí àyè náà ṣe fẹ̀ tó. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká fúnra rẹ̀ ń fi nǹkan bíi kílò kan tẹ gbogbo àyè tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóròó. Nínú ọkọ̀ ńlá, ẹ̀rọ kan ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú táǹkì kékeré títí yóò fi tó ìlọ́po 7 tàbí 8 ìyẹn. Nígbà tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì, afẹ́fẹ́ yìí tú lọ tẹ awọ rọ́bà kan tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ díẹ̀, ìtẹ̀ náà sì lé ní tọ́ọ̀nù kan ní ìdí táyà. Ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan kò lè ṣe é láéláé. Ọgbọ́n tó tún wà níbẹ̀ ni pé sípíríǹgì líle kan wà tó fẹ́ ti bíréèkì pa nígbà gbogbo, ìfúnpá afẹ́fẹ́ ló sì ń dá a dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá jò tán, sípíríǹgì á ti bíréèkì, ọkọ̀ á dúró. Ẹni tó bá wá de sípíríǹgì yẹn pa nítorí kí ọkọ̀ tó ń jo afẹ́fẹ́ má baà dúró sójú ọ̀nà ti yọ ààbò ìkẹyìn kúrò.

Síbẹ̀, ìfúnpá lè pé kí bíréèkì má ṣiṣẹ́, nítorí ooru. Gbogbo eré tí ọkọ̀ ní, ooru ni bíréèkì ń sọ ọ́ dà. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 40 tó ń sá 60, ooru tí ìdúró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò mú wá tó láti se nǹkan bíi lítà omi 18 hó. Bó bá jẹ́ 80 ló ń sá, ó lé ní lítà 30. Lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, níbi tí òòfà ilẹ̀ ti ń fi eré kún eré, tí dírẹ́bà sì ń tẹ bíréèkì léraléra, irin náà á gbóná dé ibi tí kò ti lè di nǹkan mú mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, lórí títì márosẹ̀ yìí kan náà, ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, táńkà kan tó gbé lítà epo 33,000 ṣubú, ó sì gbiná. Wọ́n ní bíréèkì rẹ̀ ló já. Ìròyìn àkọ́kọ́ ka ènìyàn 9 tó kú àti ọkọ̀ 54 tó jóná. Títí di òní, inú mi kì í dùn sí bí a ṣe ń sọ pé bíréèkì já, bí ẹni pé okùn kan ló dédé já láti òkè. Jíjò afẹ́fẹ́ ń dún. Páàdì tó jẹ tán ń han. Irin tó gbóná ju bó ti yẹ ń rùn.

Òjò ní tirẹ̀ ń mú ìdìmú táyà kúrò láti ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tó wọ̀n tó kílò 1,200, àyè tí táyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Gbogbo ẹ̀mí inú ọkọ̀ sì wà lórí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin. Bí omi bá dúró lójú ọ̀dà, eré ọkọ̀ ń mú kí omi náà ní ìfúnpá níwájú táyà. Nígbà tí ìfúnpá omi bá ti tó ti inú táyà, omi á gbé táyà kúrò nílẹ̀, rọ́bà kò sì ní kan ọ̀dà mọ́. Àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ NASA ní Amẹ́ríkà wọn èyí ní àwọn ọdún 1960. Táyà tí géèjì rẹ̀ jẹ́ 32 lè léfòó bí eré bá ti ń súnmọ́ 94. Bí wọ́n bá jẹ́ kí géèjì rẹ̀ wálẹ̀ sí 20, 74 ti tó. Ẹni tó yà lọ́dọ̀ fọkanáísà kó tó gba ọ̀nà Ṣàgámù nínú òjò oṣù kẹfà kò fi àkókò ṣòfò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ Ògún ni mo fẹ́ bò mọ́lẹ̀. N kò ní in lọ́kàn. Ògún ló ni irin, ó sì bọ́ sí i pé kí ẹni tó ń fi irin jẹun bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀mí kan ní kọ́nà ló ń yan ẹni tí yóò mú, kí ló dé tí ó fi ń yan ẹlẹ́rù gíga ju ọkọ̀ kékeré lọ, tó ń yan ẹni tó sáré ju ẹni tó rọra lọ? Ìṣirò ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, kò sì bèèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ẹ tún wo Wole Soyinka, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà-Rẹ́mọ. Ó kọ eré orí ìtàgé kan lórí Ògún, ikú àti òpópónà tó jáde lọ́dún 1965. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ lọ́dún 1988, òun ló kọ́kọ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bu ọlá fún Ògún tó bẹ́ẹ̀ kò rí i bí ohun tó tako kí a máa wọn eré ọkọ̀.

Àwíjàre tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní ọ̀nà ló burú. Wọn kò ṣì sọ. Bí táyà ìhà kan bá wọ kòtò, ọkọ̀ ti tẹ̀ kí kọ́nà tó fi tirẹ̀ kún un. Bí ojú títì kò bá dàgẹ̀rẹ̀ sí ìhà inú kọ́nà bó ti yẹ, òòfà ilẹ̀ kò lè ranni lọ́wọ́ tó. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àtúnṣe títì márosẹ̀ yìí, tí wọ́n pín láàárín iléeṣẹ́ Julius Berger, láti Èkó dé Ṣàgámù, àti iléeṣẹ́ RCC, láti Ṣàgámù dé Ìbàdàn, fi ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n títì tó tẹ́jú ń pe eré, kò sì dín gíga ẹrù kù. Ọ̀nà burúkú ń gba díẹ̀ nínú àyè tó wà láàárín ọkọ̀ àti ìṣubú. Eré lè gba gbogbo rẹ̀ tán lórí ọ̀nà tó dára jù lọ.

Ohun tí ìjọba ti ń ṣe kò pọ̀, àmọ́ ó wà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni wọ́n ti ń béèrè ẹ̀rọ adínrékù lára ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù. Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni àwọn aláṣẹ epo rọ̀bì ní kí táńkà tó ju lítà 60,000 lọ má gbé epo mọ́. Èmi gbà pé ó dára, ṣùgbọ́n ìwọ̀n lítà kì í ṣe ìwọ̀n gíga, gíga ló sì ń dojú ọkọ̀ dé. Nǹkan mìíràn tún wà tí kò náni lówó. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ ní Ògèrè, wọ́n máa ń já ewé sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń sá 100 bọ̀, tó fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ààbọ̀ mọ ohun tó rí, nílò nǹkan bíi mítà 100 lórí ọ̀dà gbígbẹ kí ó tó dúró, àti 140 nínú òjò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ewé tó wà ní mítà 10 kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ti kọ́nà. Ó yẹ kí pátákó wà ní ẹnu kọ́nà kọ̀ọ̀kan tó bọ́ sílẹ̀ láti títì márosẹ̀, tí yóò sọ eré tí ẹlẹ́rù gíga gbọ́dọ̀ fi wọ ibẹ̀, kí ó yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ kékeré, kí ó sì jìnnà sí kọ́nà fúnra rẹ̀ dáadáa, nítorí tọ́ọ̀nù 40 tó ń sá 80 kì í wálẹ̀ sí 40 láàárín mítà 20.